Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Ọ̀nà Ìṣòwò Ṣe Sọ Ìbàdàn Di Ìlú Ńlá

Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rin àárín Ìbàdàn àtijọ́, tí ó la àwọn àdúgbò bíi Oníyanrìn, Bẹ́yẹrúnkà àti Bẹẹrẹ kọjá, tí ó gun òkè Màpó, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ohun mẹ́ta ni kò ní í ṣàì rí. Yóò rí òrùlé páànù tí ó ti dógùn-ún, tí ó pupa bí ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé. Yóò rí orúkọ àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ lára ògiri agbo ilé. Yóò sì rí ọjà, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oríta kan níbẹ̀ tí ẹnì kan kò gbé igbá kalẹ̀ sí. Àwọn awakọ̀ Micra yóò máa fun fèrè, ọlọ́kadà yóò máa wá ibi tí yóò gbà, ẹni tí ó ń kánjú yóò sì máa bínú pé kí ló dé tí ọ̀nà fi rí wọ́gọwọ̀gọ báyìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí ìbínú yẹn ti ń wá gan-an ni ìtàn wà. Wọn kò kọ́kọ́ kọ́ ìlú kí wọ́n tó la ọ̀nà sí i. Ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ wà, ọjà jókòó sí ibi tí ọ̀nà pàdé, àwọn olóyè sì fi agbo ilé yí ọjà ká. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìbàdàn mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí ọ̀nà ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá, nítorí ọ̀nà ni ó fi ja ogun tí ó gùn jù nínú ìtàn rẹ̀, ọ̀nà náà ni ó sì padà wá gbé owó kúrò ní Ọjà'ba lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀bá ọ̀dàn

Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ti tó ẹ̀rí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé Lágelú, jagunjagun tí ó wá láti Ilé-Ifẹ̀, ni ó kọ́kọ́ tẹ ibùdó náà dó, tí wọ́n sì ń pè é ní Ẹ̀bá Ọ̀dàn. Ìlú àkọ́kọ́ yìí tú, àwọn tí ó kù sá gun òkè, wọ́n sì ń jẹ ìgbín àti èso òro kí wọ́n má bàa kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Òkè Ìbàdàn títí di òní.

Ẹ̀bá ọ̀dàn túmọ̀ sí ibi tí igbó ti parí tí pápá sì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí igbó bá ti pàdé ọ̀dàn, ìṣòwò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ohun tí ará igbó ní kì í ṣe ohun tí ará ọ̀dàn ní. Epo pupa, obì àti ẹkùrọ́ ń ti igbó jáde. Òrí, kánún, ẹṣin, màlúù àti iṣẹ́ awọ ń ti òkè ọ̀dàn sọ̀kalẹ̀. Iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù ń ti etí òkun gòkè bọ̀. Àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ìbàdàn wà.

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1829. Lẹ́yìn ogun Òwu, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti àwọn Ẹ̀gbá kan dé ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá tí ó ti dahoro yìí, wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta. Máyẹ̀ Òkùnadé, ọmọ Ifẹ̀, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí. Nígbà tí ó ṣe, ìjà ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ borí nínú ogun Gbánámú, agbára sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ibùdó ogun tí wọ́n rò pé yóò tú ká lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ di ìlú tí kò tú mọ́.

Ọjà Ìba

Ọjà ni ó wà láàárín ibùdó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Olúyọ̀lé, tí ó di Baṣọ̀run Ìbàdàn tí ó sì kú ní ọdún 1847, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọjà náà ní Ọjà Ìba, èyí tí ẹnu wá sọ di Ọjà'ba. Bí a bá wo ìlú Yorùbá mìíràn, iwájú ààfin ọba ni ọjà pàtàkì máa ń wà, ọba ni ó sì ni ín. Ìbàdàn kò ní ọba aládé nígbà náà, kò sì ní ààfin kan ṣoṣo tí gbogbo ọ̀nà dojú kọ. Olúkúlùkù olóyè ni ó ń ṣe olórí láti inú agbo ilé tirẹ̀. Nítorí náà, ọjà ni ó di ojú ìlú. Níbẹ̀ ni ìròyìn ogun ti ń kọ́kọ́ tú, ibẹ̀ ni àwọn àjèjì ti ń kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìlú náà fi gbòòrò kíákíá. Oyè Ìbàdàn kì í ṣe ti ìdílé kan, akínkanjú láti ibikíbi lè wá, kí ó kó àwọn ènìyàn jọ, kí ó sì dé ipò. Bí ó ti rí fún jagunjagun náà ni ó rí fún oníṣòwò. Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, láti rán wa létí àwọn ará Ìjẹ̀bú tí ó bá wọn tẹ ìlú dó. Nígbà tí David Hinderer, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ìbàdàn ní ọdún 1851, ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà 60 ni ó fojú díwọ̀n. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ péré ni ibùdó ogun fi di èyí.

Ẹrù, owó ẹyọ àti oníbodè

Kò sí ọkọ̀, kò sí kẹ̀kẹ́. Orí ènìyàn ni ẹrù ń gbà lọ. Àwọn alájàpá kì í dá rìn nítorí àwọn ọ̀ṣọ́ọ̀rùn inú igbó àti àwọn agbénipa. Wọ́n á kó ara wọn jọ di ọ̀wọ́ èrò, ọkùnrin, obìnrin, aláàárù àti ẹrú, wọ́n á sì ní àwọn tí ó gbé ìbọn ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ọ̀wọ́ èrò bá wọ ìlú, wọ́n á wá ilé onílé tí yóò gbà wọ́n sílé, tí yóò tọ́jú ẹrù wọn, tí yóò sì bá wọn wá oníbàárà. Onílé bẹ́ẹ̀ a máa gba èrè tirẹ̀ lórí ọjà tí ó bá tà. Báyìí ni agbo ilé jagunjagun fi ń ṣe ilé èrò, tí ó sì tún ń ṣe ilé ìkẹ́rùsí.

Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ná ọjà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000, ìyẹn ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, èyí tí ó tó ẹrù orí fún géńdé kan. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọjà ọlọ́kẹ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wá géńdé mẹ́wàá tí yóò ru owó náà. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò ńlá fi fẹ́ràn àwìn àti pàṣípààrọ̀ ọjà, tí ìgbẹ́kẹ̀lé sì fi níye lórí ju owó lọ.

Ní ọdún 1858, Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí ìlú ká. Odi náà wà fún ààbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún wà fún owó. Ẹnu bodè nìkan ni ẹrù lè gbà wọlé, oníbodè sì jókòó síbẹ̀ tí ó ń gba owó bodè lọ́wọ́ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, lórúkọ àwọn olóyè tí ó ń ṣàkóso bodè náà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti lọ sí Ọ̀yọ́, sí Ìwó, sí Ìjẹ̀bú àti sí Abẹ́òkúta. Odi náà ti wó tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kì í wó. Àwọn tí ń ra ewé àti egbò ní ọjà Bodè, nítòsí Mọ́lété, ń pe orúkọ ẹnu bodè náà lójoojúmọ́, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Ó yẹ kí a sọ èyí tí ó korò pẹ̀lú. Ènìyàn wà lára ọjà tí ó gba ojú ọ̀nà wọ̀nyí kọjá. Ogun Ìbàdàn ń kó ẹrú wálé, wọ́n ta àwọn kan sí ìhà etí òkun, wọ́n sì fi àwọn mìíràn ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ aláàárù. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó, tí wọ́n sì dí ojú òwò ẹrú lórí òkun, epo àti ẹkùrọ́ gba ipò iwájú, àwọn ẹrú ni ó sì ń ṣe wọ́n, tí wọ́n sì ń rù wọ́n. Ọlá tí a ń fi yangàn lónìí, orí àti ọrùn àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn ni ó gbà kọjá.

Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ó fi ìwọ̀n agbára ìṣòwò yìí hàn jù lọ. Oko rẹ̀ pọ̀, ẹrú rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fi ìbọn àti ẹ̀tù ta àwìn fún àwọn olórí ogun. Jagunjagun tí ó bá jẹ obìnrin ní gbèsè lè máa pariwo lójú ogun, ṣùgbọ́n kò lè pariwo níwájú obìnrin náà. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà. Ní ọdún 1874, Látòósà yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á nínú ilé rẹ̀ láàárín ọdún náà. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ ìtàn yìí láti inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí pé ọ̀rọ̀ àwìn àti ẹ̀tù wà lára ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sé ọ̀nà

Àléébù kan ṣoṣo ni Ìbàdàn ní, àléébù náà sì tóbi: kò dé etí òkun. Ìbọn àti ẹ̀tù kì í hù lóko. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó gbọ́dọ̀ gbà wọlé, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ipò alárinà ni èrè wọn wà. Bí Ìbàdàn bá dé Èkó fúnra rẹ̀, kí ni alárinà yóò jẹ? Bí Ìbàdàn bá sì ní ẹ̀tù púpọ̀, ta ni yóò fi jà? Nítorí náà, nígbàkígbà tí ìjà bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á sé ọ̀nà.

Ní ọdún 1877, Látòósà rán ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto Novo, láti lọ ra ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá kò gbà, wọ́n sé ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, Látòósà sì gbé ogun tì wọ́n. Ìjẹ̀bú náà sé tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ìṣàkóso Ìbàdàn ti sú para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gba Òkè-Igbó àti Òǹdó dé etí ọ̀sà, èyí tí ìjọba Èkó ṣe ìrànlọ́wọ́ láti là ní nǹkan bí ọdún 1872, ni ó di ihò imú tí Ìbàdàn fi ń mí.

Ìyà náà kò mọ sí Ìbàdàn nìkan. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú náà ń pàdánù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n sé yìí sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n lé Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Látòósà kú sí ojú ogun ní ọdún 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ní àárín ìgbà náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí ọ̀nà ni. Wọ́n ṣí ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbà á wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1893, Ìbàdàn fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn, Captain Bower sì di aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí rẹ̀ ní ọdún 1936, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Láyípo, ṣì ń wo gbogbo ìlú láti orí òkè.

Ọkọ̀ ojú irin gbé ọjà lọ sí Dùgbẹ̀

Ohun tí ogun ọdún 16 kò lè ṣe fún Ọjà'ba, irin méjì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ṣe é. Ní oṣù Kẹta ọdún 1901, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Wọn kò gbé e wá sí Ọjà'ba. Dùgbẹ̀ ni ó dúró sí, ní òdìkejì odò Ògùnpa, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí àyè sì ti gbà wọ́n.

Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀ lé irin náà, wọ́n kọ́ ilé ìtajà sí Gbági. Àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì tí a ń pè ní Kóráà tẹ̀ lé wọn. Kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í ti oko wọlé, Dùgbẹ̀ ni ó sì ń gbà lọ sí Èkó. Ní ọdún 1916, wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa tí ń ra obì lọ sí òkè ọya, tí wọ́n sì ń da màlúù wá. Nígbà tí ó di ọdún 1965 tí Ilé Kòkó yọrí sókè ní Dùgbẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún ń bèèrè ibi tí owó wà.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Ìbàdàn àtijọ́ ká ọwọ́ gbera. Sàlámì Àgbàjé, oníṣòwò ńlá ará Ayéyé, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò ní ìlú náà. Ìjọba náà kọ́ gbọ̀ngàn Màpó sórí òkè, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1929, kí ojú ìlú lè tún padà sí àárín àtijọ́. Títí di òní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí ó bá kan gbogbo ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Ọba Rashidi Ládọjà jẹ Olúbàdàn ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025. Àmọ́ ayẹyẹ yàtọ̀ sí owó. Ọlá wà ní Màpó, owó ti sọdá odò.

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 tún fa ìlú náà síta sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó gùn ní kìlómítà 157 láti Èkó. Ní ti èyí, Dùgbẹ̀ kọ́ ni ó dúró sí, Mọ̀níyà ni. Ohun tí Dùgbẹ̀ ṣe fún Ọjà'ba ni Mọ̀níyà lè ṣe fún Dùgbẹ̀ lọ́la. Ọ̀nà kì í bá ẹnikẹ́ni dá majẹ̀mú.

Ohun tí ó kù

Ìbàdàn nìkan kọ́ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Timbuktu ní ilẹ̀ Mali là nítorí àwọn ràkúnmí tí ń la aṣálẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìṣòwò yí padà sí ojú òkun, ọlá rẹ̀ rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé ibẹ̀ tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ àwọn baba ńlá wọn, nígbà tí ó sì di ọdún 1988, àjọ UNESCO kọ orúkọ ìlú náà mọ́ ara àwọn ogún gbogbo ayé. Owó lọ, ìmọ̀ kò lọ.

Àwa náà kò ṣàìní. Samuel Johnson, tí ó dàgbà ní Kúdẹtì lọ́dọ̀ Hinderer, kọ ìtàn Yorùbá tí a kò tíì rí irú rẹ̀. Ọdún 1921 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó padà wá jẹ Olúbàdàn láti ọdún 1955 sí 1964, ti tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá láti ọdún 1911. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ fi bí Ìbàdàn ṣe di alágbára ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Oxford. Àwọn wọ̀nyí gba ìtàn àwọn olóyè àti ogun sílẹ̀ fún wa.

Èyí tí ó ku díẹ̀ káàtó ni ìtàn àwọn tí ó ṣòwò. Agbo ilé wo ni àwọn èrò Ìlọrin máa ń wọ̀ sí? Ìdílé wo ni ó ń gba owó bodè ní ọ̀nà Ìwó? Ta ni ó ń ta kánún ní Ọjà'ba nígbà tí wọ́n sé ọ̀nà, èló sì ni? Àwọn ìdáhùn kan wà nínú oríkì ìdílé, àwọn kan wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, àwọn kan sì wà lẹ́nu ìyá arúgbó tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Bẹẹrẹ. Bí ilé bá wó, a lè tún un kọ́. Bí wọ́n bá fẹ ọ̀nà, tí wọ́n sì wó ojú agbo ilé kan, wọ́n lè san owó gbà-máà-bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ ìdí tí agbo ilé náà fi kọjú sí ọ̀nà bá kú láìsọ, kò sí ìjọba tí ó lè san owó ìyẹn.

Ohun tí a lè ṣe kò nira. Kí mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan pe ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀wé, kí ó jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí ó sì kọ ọ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé àmì sí ibi tí bodè àti odi wà rí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé orúkọ sí òpópónà. Kí àwọn olùkọ́ máa kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí Ọjà'ba, kì í ṣe láti ra ata, bí kò ṣe láti kọ́ ìtàn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìbàdàn ti kúrò ní ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ó gba Ọjà'ba kọjá lọ́la, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ yóò dá dúró, ẹ rántí pé kì í ṣe òní ni èrò ti ń há síbẹ̀. Èrò tí ó há síbẹ̀ láti ọdún 1829 ni ó di ìlú.